Omi Àlùbọ́sà Kò Lè Wo Orí Pípá

Ní ṣọ́ọ̀bù bábà káàkiri Ìbàdàn, bí irun iwájú orí ọkùnrin bá ti ń sá sẹ́yìn, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi sọ fún un pé, "Bọ̀dá, ẹ lọ àlùbọ́sà, ẹ fún omi rẹ̀, ẹ máa fi pa orí. Irun á hù." Wọ́n á ní àwọn dókítà ti dán an wò.

Wọ́n dán an wò lóòótọ́. Lọ́dún 2002, àwọn dókítà kan ní Baghdad, lórílẹ̀-èdè Ìráàkì, gbé ìwádìí jáde: wọ́n ń fi omi àlùbọ́sà pa orí àwọn aláìsàn lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún oṣù méjì, irun ọ̀pọ̀ nínú wọn sì hù. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n tọ́jú yẹn kì í ṣe apárí. Àìsàn tó ń ṣe wọ́n ni èyí tí irun fi ń re lójijì lójú kan, róbótó bíi kọ́bọ̀, tí ibẹ̀ á máa dán, láìní èépá bíi ti làpálàpá. Ara ẹni fúnra rẹ̀ ló ń bá irun jà. Gbòǹgbò irun kò kú níbẹ̀, irun ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń padà hù láìfi nǹkan kan pa á.

Orí pípá ọkùnrin yàtọ̀ pátápátá. Inú ìdílé ló ti ń wá, ti bàbá tàbí ti ìyá. Hòmóònù kan tí wọ́n ń pè ní DHT ló ń mú gbòǹgbò irun iwájú àti àárín orí súnkì díẹ̀díẹ̀. Irun á kọ́kọ́ tín-ín-rín, á di wẹ́wẹ́, kó tó di pé kò yọ mọ́. Ẹ wo ìpàkọ́ apárí: irun ṣì kún ibẹ̀, torí hòmóònù yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ da ibẹ̀ láàmú. Fìlà kọ́ ló fà á o.

N kò sọ pé ewé kò wúlò. Lọ́dún 2015, wọ́n fi òróró rosemary, ewé olóòórùn kan, wé minoxidil, oògùn tí wọ́n ń fi pa orí kí irun lè hù, lórí àwọn ènìyàn 100 ní Ìráànì. Lẹ́yìn oṣù 3, kò sí ìyàtọ̀ gidi. Ní oṣù 6, irun àwọn ọ̀wọ́ méjèèjì pọ̀ sí i díẹ̀. Ìrètí wà níbẹ̀, àmọ́ minoxidil ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n lò, èyí tí kò lágbára tó ti ìdá 5, kò sì sí àwọn tí wọn kò fún ní nǹkan kan láti fi wé. Ní ti òróró èso elégédé tí wọ́n dán wò ní Kòríà lọ́dún 2014, gbígbé ni àwọn ọkùnrin náà ń gbé e mì, wọn kò fi pa orí.

Ohun tó ń dùn mí ni àkókò tó ń ṣòfò. Bí ọ̀dọ́kùnrin ṣe ń fi àlùbọ́sà àti aáyù pa orí, tó ń ta á, tí awọ orí rẹ̀ ń bó, bẹ́ẹ̀ ni gbòǹgbò irun ń súnkì lọ. Minoxidil àti oògùn oníhóró finasteride lè dá a dúró bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀, tí a kò sì dáwọ́ dúró. Orí tó ti ń dán láti ọjọ́ pípẹ́ kì í sábà gbọ́ tiwọn. Ẹ lọ bá dókítà awọ ara, wọ́n wà ní ilé ìwòsàn UCH n'Íbàdàn, kí wọ́n kọ́kọ́ wo irú èyí tó ń ṣe yín. Bí aboyún bá sì wà nílé, kó má fọwọ́ kan finasteride tó ti fọ́.