Oyún bàjẹ́ lára: ṣé dandan ni kí obìnrin dúró oṣù mẹ́fà?

Lọ́dún 2005, Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) gba obìnrin tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀ nímọ̀ràn pé kó dúró ó kéré tán oṣù 6 kó tó tún lóyún. Lọ́dún 2022, ìwádìí kan láti Nọ́wè ní ẹni tó lóyún kí oṣù 3 tó pé kò kó sínú ewu ju ẹni tó dúró pẹ́ lọ. Èwo ni ká tẹ̀ lé?

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ méjèèjì fi yàtọ̀?
Ìwádìí Látìn Amẹ́ríkà tí ìmọ̀ràn 2005 dúró lé kò ya oyún tó bàjẹ́ fúnra rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí wọ́n ṣẹ́. Ti Nọ́wè yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí dókítà kò bá rí ìdí mìíràn, tí ara àti ọkàn yín sì ti gbà á, ẹ lè tún gbìyànjú. Ẹ ṣáà jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá ná kí ẹ tó ní ìbálòpọ̀, kí kòkòrò àrùn má baà ráyè wọlé.

Ṣé oyún lè dúró kí nǹkan oṣù tó dé?
Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹyin lè jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 péré.

Oyún ti wálẹ̀, àyẹ̀wò ìtọ̀ ṣì ń fi ìlà méjì hàn. Ṣé ọmọ ṣì wà níbẹ̀ ni?
Ìlà yẹn kì í wá ọmọ, hCG ló ń wá, èròjà tí ibi ọmọ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Oyún lè lọ tán kí hCG ṣì wà lára fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ má ṣe yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́. Ẹ̀dùn ọkàn nìkan nìyẹn máa dá kún. Ẹ dúró kó pé ọ̀sẹ̀ 3, kí ẹ wá lo ìtọ̀ àkọ́tọ̀ òwúrọ̀. Bí ìlà kejì bá ṣì yọ, bó tilẹ̀ ṣá, ẹ padà sílé ìwòsàn. Ó lè jẹ́ pé nǹkan ṣẹ́ kù sínú ilé ọmọ, tàbí pé oyún tuntun ti dé, tàbí pé oyún náà fìdí sí ìta ilé ọmọ. Wọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí wákàtí 48 wà láàárín wọn, láti mọ̀ bóyá hCG ń lọ sílẹ̀ tàbí ó ń gòkè.

Ṣé ẹrù tí mo gbé ló fà á?
Rárá. Kì í ṣe iṣẹ́ ilé, kì í ṣe ìbálòpọ̀, kì í ṣe ìbẹ̀rù. Nǹkan bí ìdajì oyún tó ń bàjẹ́ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló jẹ́ pé kúròmósóòmù wọn (àwọn okùn tíntìntín inú ara tó ń gbé àbùdá òbí fún ọmọ) ni kò pé tàbí tó lé, láti ìgbà tí ẹyin àti àtọ̀ ti pàdé.

Wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Kí ló dé tí mo ṣì ń sunkún?
Òótọ́ ni pé agbè ò fọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó pọn omi ló mọ bó ṣe wúwo tó. Ẹ sunkún, bàbá ọmọ náà lè sunkún. Bí oorun àti oúnjẹ bá kọ̀ fún ohun tó ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ, tàbí tí èrò ikú bá wá sọ́kàn nígbàkígbà, ẹ tètè sọ fún dókítà.

Kí ni kí n máa lò?
Folic acid (irú fítámì kan), 400 micrograms lójúmọ́, láti ìgbà tí ẹ bá ti ń gbìyànjú títí oyún á fi pé ọ̀sẹ̀ 12.

Ìgbà wo ni kí n sáré lọ sílé ìwòsàn?
Bí ẹ̀jẹ̀ bá kún páàdì ńlá 2 ní wákàtí kan, tí wákàtí kejì náà sì rí bẹ́ẹ̀. Bí ara bá gbóná dé 38°C, tàbí ohun tó ń jáde bá ń rùn. Bí inú bá ń run yín gan-an lápá kan, tí òòyì ń kọ́ yín tàbí tí góńgó èjìká ń ro yín, ó lè jẹ́ oyún ìta ilé ọmọ ló bẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sínú ikùn. Ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́.