Àtẹ́wọ́ ló bí "explode", kì í ṣe bọ́ǹbù

Bí ẹnìkan bá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé ìwádìí tuntun ti "explode" èrò àtijọ́ kan, bọ́ǹbù ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé máa ń fọkàn rò: èrò náà bú gbàmù, ó fọ́ yángá. Wọ́n á ní àfiwé lásán ni, pé bọ́ǹbù ló ni ọ̀rọ̀ náà, èrò kàn yá a lò ni. Irọ́ ni. Èrò ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń "explode" láti ọ̀rúndún 16, kí ẹnikẹ́ni tó fi ọ̀rọ̀ náà pe ohun tó bú. Bọ́ǹbù ló jẹ gbèsè.

Inú Látìn, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́, ló ti wá: "explodere". "Ex" ń tọ́ka sí jíjáde síta, "plaudere" sì ni kí èèyàn pàtẹ́wọ́. Kí "au" tó di "o" má ṣe da ẹnikẹ́ni láàmú, ẹnu àwọn ará Róòmù máa ń yí ọ̀kan sí èkejì, bí orúkọ Claudius ṣe di Clodius. Ọmọ ìyá kan náà ni "explode" àti "applaud".

Lórí ìtàgé Róòmù, ọwọ́ tó ń yẹ́ni sí náà ló ń léni lọ. Bí eré apanilẹ́rìn-ín bá parí, àwọn òṣèré fúnra wọn ló ń bẹ àwọn òǹwòran pé "plaudite", ẹ pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí eré bá ti ń bàjẹ́, wọn kì í dúró de ìparí. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, wọ́n á máa súfèé, títí òṣèré náà yóò fi kúrò níbẹ̀. Cicero, òǹkọ̀wé àti agbẹjọ́rò Róòmù, kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí òṣèré bá ṣi ìjó gbé díẹ̀, tàbí tí ó fi sílébù kan ṣoṣo dín ewì kù tàbí tí ó fi kún un, súfèé àti àtẹ́wọ́ ni wọn yóò fi lé e. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá, tó mọ ohun tí àmì ohùn kan lè ṣe fún ewì, kò ní bá wọn wí jù.

Cicero tún sọ ti Eros, òṣèré tí wọ́n lé kúrò lórí ìtàgé. Ilé Roscius, àgbà òṣèré, ló sá lọ bí ẹni tó sá di pẹpẹ mú. Roscius kọ́ ọ níṣẹ́, kò sì pẹ́ tí ó fi dé àárín àwọn tó mọ eré apanilẹ́rìn-ín ṣe jù. Ẹ kíyè sí i: súfèé àti èébú ni Cicero ní wọ́n fi lé Eros, síbẹ̀ "explodere" náà ló lò. Àtẹ́wọ́ ti ń yọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà láti ìgbà yẹn.

Bó ṣe ń yí padà nìyẹn, ó ń ju ẹrù sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1667, Milton, akéwì Gẹ̀ẹ́sì, ṣì rántí ilé tí ọ̀rọ̀ náà ti wá: nínú ewì rẹ̀ "Paradise Lost", Sátánì ń retí ìyìn àwọn ọmọ ogun rẹ̀, wọ́n ti di ejò, ìyìn tí wọ́n fẹ́ fún un sì di "exploding hiss", súfèé tí a fi ń léni. Ní ọ̀rúndún yẹn kan náà ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún ohun tí a fi agbára àti ariwo tì jáde. Ohun tí ẹ̀tù ń ṣe fún ọta nínú ìbọn náà kọ́ nìyẹn? Òṣèré ti lọ, òǹwòran ti lọ, ariwo àti ìjáde nìkan ló kù. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́dọ̀ ohun tí a lé, ó di ti ohun tó bú fúnra rẹ̀.

Ọgbọ́n ńlá ni mo ka èyí sí. Kò sí ìgbésẹ̀ kan tí kò nídìí, bẹ́ẹ̀ ni ìparí rẹ̀ jìnnà réré sí ìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ìgbàgbé ló fi san án. Ní ọ̀rúndún 19, wọ́n nílò ọ̀rọ̀ fún ohun tó wó sínú ara rẹ̀, wọ́n yọ "ex", wọ́n fi "in" rọ́pò, wọ́n dá "implode", bí ẹni pé bíbú ni ìtumọ̀ "plode". Bí Cicero bá gbọ́ ọ, ohun tí yóò yé e ni kí àwọn òǹwòran pàtẹ́wọ́ títí òṣèré yóò fi wọlé.