Àwọ̀ olómi nínú iṣẹ́ ike

Àwọ̀ olómi ni ìyẹ̀fun àwọ̀ tàbí aró tí wọ́n ti pò mọ́ òróró, tí wọ́n ń fi pọ́ǹpù kán sínú ẹ̀rọ tó ń yọ́ ike, kí ike náà lè gba àwọ̀ tinú-tẹ̀yìn. Ó yàtọ̀ sí ọ̀dà. Ara nǹkan ni ọ̀dà ń bò. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá gé kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò sí méjì, yẹ́lò ni yóò bá títí dé inú.

Ní ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Kogí, ní Kàbà, Ìjùmú, Bùnú àti Yàgbà tí àwọn Òkun ń gbé, inú ọjà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń rí iṣẹ́ àwọ̀ inú ike: kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí wọ́n ń rọ epo pupa sí, abọ́, àga, ìgò omi tó ní búlùú fẹ́ẹ́rẹ́ lára, táǹkì omi dúdú. Kì í ṣe gbogbo wọn ni wọ́n fi àwọ̀ olómi ṣe, nítorí ọ̀nà mìíràn wà, èyí tí a óò dé láìpẹ́.

Ohun tó wà nínú rẹ̀

Ẹni tó bá mọ osùn àti ẹlú ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Ìyẹ̀fun ni osùn. Bí wọ́n bá fi òróró pò ó, kì í yọ́ tán, ṣe ló máa ń tàn káàkiri inú òróró náà. Aró ẹlú ní tirẹ̀ ń yọ́ nínú ìkòkò kó tó wọ inú òwú. Irú méjèèjì ló wà nínú iṣẹ́ ike. Lára àwọn oníyẹ̀fun ni titanium dioxide tó ń fúnni ní funfun, carbon black tó jẹ́ dúdú, iron oxide tó pọ́n bí ìpẹtà irin, àti phthalocyanine tó ń fúnni ní búlùú àti àwọ̀ ewé. Àwọn tó ń yọ́ bí aró ni wọ́n sábà ń lò fún ìgò tó yẹ kí ìmọ́lẹ̀ là kọjá.

Òróró tó gbé àwọ̀ náà ló gba ọgbọ́n jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń ra ife lọ́jà kò ní rí i láé. Òróró inú ilẹ̀ ni, tàbí ti ewébẹ̀, tàbí èyí tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́ kẹ́míkà. Ó gbọ́dọ̀ bá irú ike náà rẹ́, kò sì gbọdọ̀ hó tàbí jóná nínú ooru ẹ̀rọ. PET, tí wọ́n fi ń ṣe ìgò omi, ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 250 sí 260 lórí Celsius, ẹ̀rọ sì ń gbé e kọjá ibẹ̀. Wọ́n tún ń fi èròjà kan sí i tí kò ní jẹ́ kí ìyẹ̀fun náà dì pọ̀ bí àmàlà tó ní kókó.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó

Hóró ike ń ti inú àrọ ńlá orí ẹ̀rọ bọ́ sí ẹnu ẹ̀rọ. Níbẹ̀ gan-an ni àwọ̀ ti ń kán lé e. Pọ́ǹpù tí ọ̀pọ̀ ń lò kì í fara kan àwọ̀ náà rárá: àwọn kẹ̀kẹ́ kéékèèké ń yí lórí rọ́bà gbọọrọ kan, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń fún wàrà lára màlúù, àwọ̀ ń rìn síwájú díẹ̀díẹ̀. Àpò hóró ike kan sábà máa ń jẹ́ kílò 25. Bí ìwọ̀n àwọ̀ bá jẹ́ 1%, gíráàmù 250 péré ni àpò náà gbà, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ kò sì tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kejì tí a ní a óò dé ni masterbatch: hóró ike tí wọ́n ti kó àwọ̀ púpọ̀ sí. Òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ́ kó tó tàn, ṣùgbọ́n àwọ̀ olómi ti ń lẹ̀ mọ́ ara hóró gbogbo kí ooru tó dé. Fún PET, àǹfààní kan tún wà. Wọ́n ní láti yan hóró rẹ̀ gbẹ fún wákàtí mélòó kan, torí omi díẹ̀ ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Àwọ̀ olómi kò bá wọn dé ibi ìyangbẹ, ẹnu ẹ̀rọ ló ti ń wọlé. Bí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ àwọ̀, wọn kò ní láti da hóró inú àrọ nù.

Àléébù rẹ̀ kò kéré. Ìyẹ̀fun máa ń rẹlẹ̀ sí ìdí garawa. Bí wọn kò bá rò ó dáadáa, àwọ̀ ìgò àkọ́kọ́ á fẹ́ẹ́rẹ́, ti ìkẹyìn á ki, tàbí kí ìlà-ìlà hàn lára rẹ̀. Bí òróró bá pọ̀ jù, ike á máa yọ̀ nínú ẹ̀rọ dípò kó máa lọ síwájú. Búlùú phthalocyanine lè mú kí ìdérí tí wọ́n fi polyethylene (irú ike kan) ṣe ká kò nígbà tó bá ń tutù, kó má dé ojú ìgò mọ́. Bó bá sì dà sílẹ̀, fífọ̀ rẹ̀ kì í rọrùn.

Oòrùn, oúnjẹ àti àtúnlò

Oòrùn ń ṣá ọ̀pọ̀ àwọ̀. Nítorí èyí ni táǹkì àti páìpù ṣe sábà máa ń dúdú: carbon black tó tó 2% sí 2.5% ń gba ìtànṣán oòrùn dúró kó tó ba ike jẹ́.

Òjé àti cadmium ti wà nínú àwọn ìyẹ̀fun yẹ́lò àti pupa kan látijọ́, wọ́n dán gan-an, wọ́n sì lóró. Irú wọn kò yẹ ní ara ohun ìjẹun. Ní Nàìjíríà, NAFDAC ló ń bójú tó ohun tí wọ́n ń di oúnjẹ sí. Dídán kẹ́ẹ̀gì kò sọ ohun tó ti wà nínú rẹ̀ rí. Èyí tí wọ́n ti rọ kẹ́míkà sí kò yẹ fún epo jíjẹ, bó ti wù kó mọ́ tó.

Ní ti àtúnlò, ìgò tó mọ́ gaara ló níye lórí jù, nítorí a lè fún un ní àwọ̀ tó bá wuni. Èyí tó ti ní àwọ̀ kò lè padà funfun. Ní 2022, Sprite fi ìgò àwọ̀ ewé sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó bọ́ sí èyí tó mọ́ gaara. Ike dúdú ló le jù: carbon black ń gbé ìmọ́lẹ̀ tí ẹ̀rọ ìṣàyàn fi ń dá ike mọ̀ mì, ẹ̀rọ náà kò sì ní rí i.