Ẹsẹ̀ Iwájú, Ẹsẹ̀ Ẹ̀yìn, àbí Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: Bí Agbára Ẹ́ńjìnnì Ṣe Ń Dé Ilẹ̀

Nígbà òjò, bí ilẹ̀ pupa ọ̀nà oko ìhà Ìjẹ̀bú-Igbó bá ti rin gbingbin, ìran kan wà tí kì í ya àwọn tó ń ná ọ̀nà náà lẹ́nu mọ́. Camry tó kó àpò kòkó sí bọ́ọ̀tì á gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré kan dé ìdajì, táyà iwájú á bẹ̀rẹ̀ sí í yí lásán, á máa fọ́n ẹrẹ̀ ká, ọkọ̀ kò sì ní kúrò lójú kan. Awakọ̀ tó bá mọwọ́ ọkọ̀ rẹ̀ á rọra sọ̀ kalẹ̀, á kọ ìdí ọkọ̀ sí òkè, á sì fi rìfáàsì gùn ún. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọkọ̀ náà á gòkè. Ẹ́ńjìnnì kò lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ, táyà kò sì yí padà. Ìwúwo tó ń tẹ táyà mọ́lẹ̀ ló yí padà, nítorí pé ìsàlẹ̀ òkè ni ìwúwo máa ń wọ́ lọ, ibẹ̀ sì ni táyà tó ń ṣiṣẹ́ wà báyìí.

Gbogbo àríyànjiyàn lórí ẹsẹ̀ tó yẹ kí ẹ́ńjìnnì máa yí kò ju èyí lọ. Táyà kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tó lè fi di ilẹ̀ mú, ìwọ̀n náà sì ń pọ̀ sí i bí ẹrù orí rẹ̀ bá ṣe wúwo tó. Ìdìmú kan ṣoṣo yìí ni yóò fi wa ọkọ̀ síwájú, tí yóò fi ya kọ́ọ̀nà, tí yóò sì fi dúró nígbà tí wọ́n bá tẹ bíréèkì. Èyí tó bá ná tán sórí ìsáré kò sí mọ́ fún kọ́ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ ìṣúnná owó ni, kò sì yẹ kó ṣòroó yé ọmọ Ìjẹ̀bú.

Nínú ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ iwájú ń fà, ẹ́ńjìnnì, gíábọ́ọ̀sì àti ṣáàfù méjèèjì, irin tó ń gbé agbára dé táyà, ló kóra jọ sábẹ́ bọ́ńẹ́ẹ̀tì, nítorí náà, ó ju ìdajì ìwúwo ọkọ̀ lọ tó wà lórí táyà tó ń ṣiṣẹ́. Kò sí irin gígùn tó gba abẹ́ ọkọ̀ lọ sẹ́yìn, àyè á gba àwọn èrò, ọkọ̀ á fúyẹ́, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ mu epo. Citroën ti ń ta irú rẹ̀ láti ọdún 1934, ṣùgbọ́n Mini ọdún 1959 ló fi han ayé pé bí a bá dá ẹ́ńjìnnì dùbúlẹ̀ ní ìbú, ọkọ̀ bíńtín lè gba èèyàn mẹ́rin. Ètò yìí ni èyí tó pọ̀ jù nínú Corolla, Camry àti Sienna tó ń sáré láàárín Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù ń lò.

Bí awakọ̀ bá tẹná wọ kọ́ọ̀nà tí òjò ti pa, imú ọkọ̀ á kọ̀ láti yà, á fẹ́ máa lọ tààrà sínú igbó. Bó bá ká ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ìwúwo á padà síwájú, imú á sì gbọ́ràn. Ohun tí ẹ̀rù máa ń mú kéèyàn ṣe gan-an nìyẹn, ìdí sì nìyí tí ọkọ̀ yìí fi ń forí ji awakọ̀ tí kò tíì mọ ọ̀nà. Orí ṣáàfù ni àárẹ̀ rẹ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Rọ́bà tó bo oríkèé ṣáàfù á ya, gírísì á tú jáde, iyanrìn á wọlé, nígbà tó bá sì yá, bí wọ́n bá ti lọ́ sítíárìn dé òpin, ẹsẹ̀ iwájú á máa dún kà-kà-kà. Rọ́bà kò wọ́n, ṣáàfù ló wọ́n. Ẹni tó bá ń ná ọ̀nà oníyanrìn ìhà Wọ́tásáìdì (Ogun Waterside) yẹ kó máa bẹ abẹ́ ọkọ̀ wò lóòrèkóòrè.

Ní ti ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń tì, kò sí olùkọ́ tó dà bí agbégilódò. Pùròpẹ́là ló ń gbé agbára láti gíábọ́ọ̀sì lọ sí ẹ̀yìn, níbi tí ìtì igi gẹdú ti tẹ táyà mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú kò sì ní iṣẹ́ méjì ju kó yà kó sì dúró. Bí ẹrù bá ṣe ń wúwo sí i ni ọkọ̀ ń rọ́wọ́ mú sí i. Ọkọ̀ kan náà, bó bá já ẹrù tán tó ń padà lófìfo, ìdí rẹ̀ á máa jó lórí ẹrẹ̀. Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná lọ́dún 1975, ètò yìí náà ló lò, ọkọ̀ yìí kan náà ló sì gba ìdíje eré ọkọ̀ Safari Rally ní Kẹ́ńyà lọ́dún 1975 àti 1978. Ewu ibẹ̀ ni pé bí ìdí bá yọ̀ ní kọ́ọ̀nà, a gbọ́dọ̀ yí sítíárìn sí ìhà tí ìdí ń lọ, kíá, láìsí pé a ń gbìyànjú láti fi bíréèkì dá a dúró. Awakọ̀ rálì fẹ́ràn ìyọ̀ yẹn, nítorí iná ló fi ń darí ọkọ̀. Baba tó ń gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé kò nílò rẹ̀.

Ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ń pín agbára sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìpín táyà kọ̀ọ̀kan á kéré, ó ṣòro kí èyíkéyìí ná ìdìmú rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n ní kọ́ọ̀nà, ẹsẹ̀ iwájú máa ń rin ọ̀nà tó gùn ju ti ẹ̀yìn lọ, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ kan láàárín tí yóò fàyè gba ìyàtọ̀ náà. Ẹ̀rọ yìí, tí wọ́n ń pè ní differential, wà fún iwájú, ó wà fún ẹ̀yìn, ó sì wà fún àárín. Èyí tí kò bá ní ìjánu tó lè dá a lẹ́kun á jẹ́ kí táyà kan ṣoṣo tó wà nínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ máa yí lásán, tí mẹ́ta yòókù á máa wò ó.

Nínú ìdíje rálì, ọ̀nà gidi ni wọ́n ń tì pa, ọkọ̀ á máa gbéra lọ́kọ̀ọ̀kan, aago ló sì ń dájọ́. Saab 96 tí ẹsẹ̀ iwájú ń fà gba rálì Monte Carlo ní 1962 àti 1963, Mini sì gbà á ní 1964, 1965 àti 1967. Audi Quattro, ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí ilé iṣẹ́ Audi ti Jámánì fi han ayé ní 1980, ló yí ìtàn padà: ó gba ife àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ní 1982. Lancia 037, ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn, rí ife náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1983, kò sì tún sí ẹlẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn kankan tó gbà á láti ìgbà náà. Síbẹ̀, lórí títì ọlọ́dà gbígbẹ nínú rálì Catalunya àti ti Corsica ní 1999, Citroën Xsara Kit Car, tí ẹsẹ̀ iwájú nìkan ń fà, na àwọn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Ó fúyẹ́ jù wọ́n lọ, ilẹ̀ sì di táyà méjì rẹ̀ mú tó.

Ìdí nìyẹn tí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kò fi jẹ́ dandan fún ẹni tí ìrìn rẹ̀ kò kúrò lórí ọ̀dà láti Ìpẹru dé Ìjẹ̀bú-Òde. Bíréèkì ọkọ̀ gbogbo ló wà lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kì í tètè dúró ju ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lọ lórí omi, táyà tó ti jẹ kò sì mọ̀ pé owó ńlá ni wọ́n fi ra ọkọ̀. Ó tún ń fẹ́ kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ ọgbọọgba. Ẹni tó bá ń fi tòkunbọ̀ kan ṣoṣo dípò èyí tó bẹ́, tí kò wo bó ti jẹ tó, ń fipá mú ẹ̀rọ àárín ṣiṣẹ́ láìsinmi, ọjọ́ tó bá bàjẹ́, owó rẹ̀ á ju táyà mẹ́rin lọ.

Ẹni tí oko rẹ̀ wà nínú igbó ni Hilux tọ́ sí, irú èyí tó máa ń fi ẹ̀yìn rìn títí di ìgbà tí wọ́n bá pe iwájú sí i. Nínú èyí tó pọ̀ jù nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí differential láàárín. Bí wọ́n bá ti fi í sí ẹsẹ̀ mẹ́rin, iwájú àti ẹ̀yìn á di ara wọn mú gírígírí. Ẹrẹ̀ máa ń jẹ́ kí táyà yọ̀ díẹ̀, ìjà náà á sì tú. Ọ̀dà gbígbẹ kì í gbà bẹ́ẹ̀: sítíárìn á le, ọkọ̀ á máa fà tìkọ̀tìkọ̀ ní kọ́ọ̀nà, irin abẹ́ rẹ̀ á sì máa lọ́ra. Kí awakọ̀ tó gun títì Ṣágámù sí Benin, ó ti gbọ́dọ̀ dá a padà sí ẹsẹ̀ méjì.