Kangaróò Kì í Ṣe 'N Kò Mọ̀'

Ìtàn kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn èèyàn wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ó sì ti sú mi í gbọ́. Wọ́n ní òyìnbó tó kọ́kọ́ dé Ọsirélíà rí ẹranko kan tó ń fò, ó béèrè orúkọ rẹ̀, onílẹ̀ sì dáhùn pé "kangaróò", èyí tí wọ́n ní ó túmọ̀ sí "n kò mọ̀". Olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì tún sọ ọ́ níbi ìkómọjáde kan láìpẹ́ yìí, gbogbo ìjókòó sì bú sẹ́rìn-ín.

Ní ọdún 1770, ọkọ̀ James Cook, atukọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kọ lu òkìtì abẹ́ omi ní etíkun Ọsirélíà, wọ́n sì dúró tún un ṣe létí odò kan fún bí ọ̀sẹ̀ méje. Joseph Banks tó bá a rìn kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó ni ilẹ̀ náà ń sọ èdè Guugu Yimithirr, gangurru sì ni orúkọ tí wọ́n ń pe irú kangaróò ńlá kan, kì í ṣe gbogbo wọn.

Ohun tó da ọ̀rọ̀ rú ni pé atukọ̀ òyìnbó mìíràn, Phillip Parker King, dé ẹ̀bá odò yẹn kan náà ní ọdún 1820, ọ̀rọ̀ mìíràn ni ó sì gbọ́, èyí tó jọ minha. Àwọn èèyàn wá ní Banks ló ṣì í gbọ́. Bẹ́ẹ̀, ẹran jíjẹ ni minha. Ta ni ó yẹ kí èyí yé ju Yorùbá lọ? Ẹni tó bá dúró lójú ọ̀nà Ìlọrin, níbi tí wọ́n ti so ọ̀yà wíwì rọ̀ sórí igi, tó nawọ́ sí i pé "Kí nìyí?", ìyá tó ń tà á lè ní "Ọ̀yà ni", ó sì lè ní "Ẹran ìgbẹ́ ni, ẹ wá rà á." Àlejò méjì tó gba ìdáhùn méjèèjì yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jà, bẹ́ẹ̀ ìyá náà kò purọ́ fún ẹnì kankan. Ní àwọn ọdún 1970 ni onímọ̀ kan, John Haviland, lọ kọ́ èdè náà lẹ́nu àwọn tó ni ín, tó sì bá gangurru níbẹ̀ láàyè.

Ọdẹ wo, ẹ jọ̀wọ́, ni yóò wo ẹran tó ń pa jẹ lójoojúmọ́, tí yóò ní òun kò mọ̀ ọ́n?

N kò sọ pé irú àṣìgbọ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí níbòmíràn, n kò sì lè sọ bóyá irú kangaróò tí Banks nawọ́ sí ni gangurru gan-an, tàbí ìbátan rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin tí ẹ ń gba orúkọ egbòogi sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà kíyè sára: ẹ má béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, ẹ má sì kàn nawọ́ lásán, nítorí bàbá tí ẹ fi ewé hàn lè wò yín lójú, kí ó ní, "Ewé ni."