Invert level: nọ́ńbà tó ń dá ẹjọ́ ẹnjiníà àti agbaṣẹ́ṣe lórí gọ́tà tí omi dúró sí

Ẹ jẹ́ ká ní òjò ti dá láti àná, síbẹ̀ omi ṣì wà nínú ojú àgbàrá tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe. Kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Wọ́n pe ẹnjiníà, ó ní pláànù òun kò lábùkù, kí wọ́n lọ bi ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀. Wọ́n pe agbaṣẹ́ṣe, ó ní bí wọ́n ṣe yà á fún òun lòun ṣe é. Ẹni tó ni iṣẹ́ dúró láàárín, kò mọ ẹni tí òun ì bá gbà gbọ́. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i bí wọ́n ṣe ń fi ariwo dá irú ẹjọ́ yìí, nígbà tó jẹ́ pé téèpù àti lẹ́fẹ́lì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mọ bí ibì kan ṣe ga tó, ló yẹ kó dá a. Ohun tí wọ́n máa wọ̀n ni wọ́n ń pè ní invert level.

Invert ni ibi tó rẹlẹ̀ jù nínú páìpù, níbi tí omi díẹ̀ tó kù máa ń gbà kọjá nígbà tí páìpù bá ń gbẹ lọ. Kì í ṣe ẹ̀yìn páìpù tó fara kan yẹ̀pẹ̀, kì í ṣe orí rẹ̀, kì í sì í ṣe àárín. Ẹ ti ọwọ́ bọ ẹnu páìpù, kí ẹ fi ìka kan ìsàlẹ̀ rẹ̀: ibi tí ìka yín kàn yẹn gan-an ni. Ní ti gọ́tà tí a kò bo, ilẹ̀ inú rẹ̀ tí omi ń rìn lórí ni invert. Level wá ni bí ibẹ̀ ṣe ga tó sí àmì kan tí gbogbo àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà ti fẹnu kò lé lórí pé ibẹ̀ làwọn yóò ti máa wọn ohun gbogbo. Tí pláànù bá kọ 10.40, ohun tó ń sọ ni pé ìsàlẹ̀ inú páìpù fi mítà 10 àti sẹ̀ǹtímítà 40 ga ju ibi tí wọ́n fi ṣe òdo lọ.

Páìpù kọ̀ọ̀kan ní invert level méjì: ti òkè níbi tí omi ti ń wọlé, àti ti ìsàlẹ̀ níbi tó ti ń jáde. Ká ní ti òkè jẹ́ 10.40, ti ìsàlẹ̀ jẹ́ 10.00, mítà 40 ló sì wà láàárín wọn. Omi yóò sọ̀ kalẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 40 láàárín mítà 40, ìyẹn mítà kan nínú 100. Ìdagẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Omi inú gọ́tà kò ní ẹ́ńjìnnì, kò sẹ́ni tó ń tì í lẹ́yìn, ìdagẹ̀rẹ̀ yìí nìkan ló ń gbé e lọ. Ó sì yẹ kí eré rẹ̀ tó nǹkan bíi 0.6 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó lè máa gbá iyanrìn àti ìdọ̀tí lọ. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, iyanrìn á rọ̀ sílẹ̀, ojú páìpù á fún, òjò tó tẹ̀ lé e á tún da tirẹ̀ lé e. Ìṣirò tí àwọn ẹnjiníà ń lò fún eré omi yìí jáde láti ọwọ́ Robert Manning, ẹnjiníà ará Ireland, tó gbé e kalẹ̀ ní 1889. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu nínú rẹ̀ ni pé tí ìdagẹ̀rẹ̀ bá dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin, eré omi á dín kù sí ìdajì. Ìyẹn ni pé omi lè máa lọ lóòótọ́, kí ẹni tó ń wò ó rò pé iṣẹ́ dára, kó sì jẹ́ pé páìpù náà ti ń dí díẹ̀díẹ̀ lójú rẹ̀.

Ibo wá ni àṣìṣe ti ń wọlé? Mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ lórí ọ̀kan tó máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe, torí ó rọrùn láti ṣe, ó sì ṣòro láti rí. Páìpù kọnkéré máa ń nípọn. Ká ní ara rẹ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 6. Òṣìṣẹ́ tó rí 10.40 lórí pláànù, tó wá tẹ́ ẹ̀yìn páìpù sí 10.40, ti gbé ojú ọ̀nà omi sókè ní sẹ̀ǹtímítà 6. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìdagẹ̀rẹ̀ kò yẹ̀ rárá, á sì fi tọkàntọkàn búra pé ohun tó wà lórí pláànù lòun ṣe. Àmọ́ ẹ ṣí máńhóòlù tó wà lókè, ìyẹn ihò tí wọ́n ń gbà wọlé yẹ páìpù wò. Omi á ti dúró sílẹ̀ ibẹ̀, á jìn tó sẹ̀ǹtímítà 6, torí ẹnu páìpù ti ga ju ilẹ̀ máńhóòlù lọ. Kò purọ́, kò sì ṣọ̀lẹ. Kò mọ ohun tí invert túmọ̀ sí ni.

Àwọn mìíràn wà. Àwọn kan máa ń gbẹ́ kòtò jù, wọ́n á da yẹ̀pẹ̀ rírọ̀ padà sí i láìlù ú, wọ́n á tẹ́ páìpù lé e lórí. Lọ́jọ́ náà, ohun gbogbo gún. Tí wọ́n bá bò ó tán, tí ọkọ̀ ń gba orí rẹ̀ kọjá, ikùn páìpù á wọlẹ̀, omi á sì máa dúró sínú ikùn yẹn. Ọ̀pọ̀ ló máa ń da omi garawa kan sí i lókè, tó bá jáde nísàlẹ̀, wọ́n á ní ó yege. Omi garawa kan lè ti ara rẹ̀ jáde nínú páìpù tó wọ́. Omi tó ṣẹ́ kù sínú lẹ́yìn rẹ̀ ló yẹ kí a wò. Èyí tó dára jù ni kí ẹnì kan gbé tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu páìpù lókè, kí ẹlòmíràn fi dígí wo ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀. Tí ìmọ́lẹ̀ bá yọ róbótó, páìpù tọ́. Tó bá rí bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ibì kan ti wọ́ láàárín.

Bí ọjà kò bá sì ní ìwọ̀n páìpù tí pláànù béèrè, kí agbaṣẹ́ṣe má fi kékeré rọ́pò ńlá láìbéèrè. Páìpù tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdajì kì í gbé ìdajì omi. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà ló ń gbé.

Ṣùgbọ́n a-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ti ẹnjiníà náà wà, òun ló sì máa ń náni lówó jù, torí bí agbaṣẹ́ṣe bá ṣe é dáadáa tó, á ṣì bàjẹ́. Àwọn kan máa ń ka omi tó ń rọ̀ sórí ilẹ̀ tí wọ́n ń kọ́ nìkan, wọ́n á gbàgbé pé omi ilẹ̀ tó ga jù ú lọ á gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn kan á ṣírò ilẹ̀ bíi pápá koríko, tó ń mu púpọ̀ nínú omi òjò, kí wọ́n tó wá fi kọnkéré bo gbogbo rẹ̀, tí omi tó pọ̀ jù níbẹ̀ á sì máa ṣàn. Àwọn kan á darí páìpù sí odò tí wọ́n wọ̀n nígbà ẹ̀rùn. Bí odò bá kún nígbà òjò, omi rẹ̀ á ga ju invert lọ, á sì padà wọlé.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù, lójú tèmi, ni kí wọ́n da nọ́ńbà kọ láti inú pláànù àtijọ́. Ẹ padà sí 10.40 àti 10.00 wa. 10.00 yẹn jẹ́ ti máńhóòlù àtijọ́ tí páìpù tuntun yóò já sí. Kò sẹ́ni tó ṣí i wò. Lọ́jọ́ iṣẹ́, wọ́n ṣí i, wọ́n gbé lẹ́fẹ́lì sí i, wọ́n bá 10.25. Sẹ̀ǹtímítà 15 péré ló kù fún mítà 40, ìyẹn mítà kan nínú nǹkan bí 267. Eré omi á dín kù sí bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ohun tí ẹnjiníà ṣírò. Bí agbaṣẹ́ṣe bá mú páìpù náà mọ́ 10.25, tó bo kòtò, tó gba owó rẹ̀ lọ, ta ló jẹ̀bi?

Ẹjọ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tó jọ èyí. Ní 1905, agbaṣẹ́ṣe kan tó ń jẹ́ Spearin gba iṣẹ́ láti kọ́ ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe fún ìjọba ní Brooklyn Navy Yard. Ojú ọ̀nà omi ìdọ̀tí kan tí wọ́n fi bíríkì mọ, tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 6, gba ibẹ̀ kọjá, ó sì ní láti ṣí i nípò. Pláànù ìjọba sọ ibi tí yóò gbé e sí, bí yóò ṣe tóbi tó àti ohun tí yóò fi ṣe é. Ó ṣe é bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbà á. Ní nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà, òjò ńlá rọ̀ lákòókò tí omi òkun kún, ohun tó mọ náà bẹ́, omi sì kún inú iṣẹ́. Ìgbà tí wọ́n tú u wò ni wọ́n rí i pé ẹnì kan ti mọ ìdíwọ́ kan sínú ojú ọ̀nà omi mìíràn tó so mọ́ ọn. Kò sí i lórí pláànù kankan. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mọ̀ pé omi máa ń kún àkúnya níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọn ò sì sọ fún un. Ní 1918, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ náà dájọ́ pé ẹni tó gbé pláànù fúnni ló ni àbùkù inú pláànù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé àdéhùn ní kí agbaṣẹ́ṣe lọ yẹ ilẹ̀ wò.

Agbaṣẹ́ṣe tiwa kò lè sá sábẹ́ ìdájọ́ yẹn pátápátá. Spearin kò mọ̀ pé ìdíwọ́ wà níbẹ̀. Tiwa ka 10.25 lójú ara rẹ̀. Ìwé àdéhùn aláwọ̀ pupa ti 1999 tí FIDIC, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn ẹnjiníà agbaninímọ̀ràn, ṣe, tí wọ́n ń lò níbi tó jẹ́ pé ẹni tó ni iṣẹ́ ló ń pèsè pláànù, sọ ọ́ kedere: ẹni tó bá rí àṣìṣe nínú ìwé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ tètè fi tó ẹnì kejì létí. Ó tún ní àmì tí ẹni tó ni iṣẹ́ bá fúnni láti máa fi wọn nǹkan, ọrùn ẹni tó fúnni ni àṣìṣe rẹ̀ wà, àmọ́ kí agbaṣẹ́ṣe sapá láti yẹ̀ ẹ́ wò kó tó lò ó. Nítorí náà, ti ẹnjiníà ni nọ́ńbà tí kò tọ́, ti agbaṣẹ́ṣe sì ni dídákẹ́. Ìwé kékeré kan tó ní “mo bá 10.25, kì í ṣe 10.00, kí ni kí n ṣe?” tí wọ́n fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà ì bá ti gbà á.

Èyí ló mú kí n máa bẹ ẹni tó ni iṣẹ́ pé kó má jẹ́ kí wọ́n da yẹ̀pẹ̀ bo páìpù kankan kí wọ́n tó wọn invert rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹnjiníà àti agbaṣẹ́ṣe sì jọ fọwọ́ sí ohun tí wọ́n bá kà. Tí wọ́n bá bò ó tán, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n láti inú máńhóòlù, kí wọ́n sì tan tọ́ọ̀ṣì wò ó. Kí ó so àwọn nọ́ńbà yẹn mọ́ pláànù, kí ó sì tọ́jú wọn. Lọ́jọ́ tí omi bá dúró, wọ́n á tún ṣí máńhóòlù, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á fi í wé ti inú ìwé náà. Bí pláànù bá ní 10.00, tí ìwé ọjọ́ iṣẹ́ náà ní 10.00, tí ti òní sì jẹ́ 10.00, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnjiníà bí ó ṣe ṣírò omi.