Akárìgbò Adédoyìn àti bí Rẹ́mọ ṣe kúrò lábẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ bi ọ̀dọ́ Rẹ́mọ kan léèrè pé ta ni olóṣèlú àkọ́kọ́ nílẹ̀ wọn, Awólọ́wọ̀ ni yóò dárúkọ kí ẹ tó pa ẹnu dé. Èmi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méje péré ni Awólọ́wọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ nígbà tí William Christopher Adédoyìn gorí ìtẹ́ Akárìgbò ní Ṣágámù lọ́dún 1916. Ọba yìí ló fa Rẹ́mọ yọ lábẹ́ Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú-Òde, láìyin ìbọn kan ṣoṣo. Ìwé ẹ̀bẹ̀ àti ẹnu ló fi jagun náà.

Àwọn tó ń kọ ìtàn Ìjẹ̀bú máa ń sọ ọ́ bíi pé ọjọ́ kan ni ọba náà jí, tí ipò wù ú, tó sì ní òun kò sìn mọ́. Irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ ju ìran bàbá bàbá rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká ti orí orúkọ bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà wa sọ pé láti Ìrẹmọ, àdúgbò kan ní Ilé-Ifẹ̀, ni a ti ṣí wá, ibẹ̀ ni Rẹ́mọ sì ti jáde. Fáwẹ̀lì iwájú ló bọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn, bí Ìṣágámù ṣe di Ṣágámù lẹ́nu wa lónìí. Kí ló lé wọn kúrò ní Ifẹ̀? Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ oyè, ó lè jẹ́ pé ilẹ̀ ò gbà wọ́n mọ́. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ oyè ni, nítorí ẹni tí ebi lé kì í gbé adé dání. Akárìgbò sì gbé adé dání. Mo tilẹ̀ gbà pé ọ̀nà tiwọn yàtọ̀ sí èyí tí Ọbańta, baba ńlá àwọn Awùjalẹ̀, gbà dé Ìjẹ̀bú-Òde, bí wọ́n bá tilẹ̀ jọ sùn nínú àgọ́ kan náà lálẹ́ ọjọ́ kan lójú ọ̀nà. Ẹni méjì tó jọ wọ ọkọ̀ ní Ọjọ́ta kò di ọmọ ìyá nítorí ìyẹn.

Ẹ̀rí tó tún dùn mọ́ mi jù ni ti Agẹmọ. Àwọn Agẹmọ mẹ́rìndínlógún, òrìṣà tó ń jáde lọ́dọọdún, ni òpómúléró àṣà Ìjẹ̀bú. Ẹ ka ìlú wọn: Ìsíwọ̀, Òdogbolú, Ìmọ̀sàn, Ọrù, Àgọ́-Ìwòyè, ẹ kà á dé ìparí. Ẹ ò ní rí Ṣágámù níbẹ̀, ẹ ò ní rí Ìperu tàbí Ìṣarà. Òrìṣà Mágbó àti Èlúkú ni tiwa. Bí a bá jẹ́ ẹ̀ka ara kan náà, kí ló dé tí a kò ní Agẹmọ kan ṣoṣo tó ń wọ́ lọ bá Awùjalẹ̀? Àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde a máa fi Òṣùgbó, ẹgbẹ́ awo tí Ẹ̀gbá ń pè ní Ògbóni, dáhùn, pé ọ̀kan náà ni tiwa àti tiwọn. Ẹ̀gbá náà ní Ògbóni, ta ló ní Aláké ń sin Awùjalẹ̀?

Ogun ló wá la ààrin wa gbangba. Nígbà ogun Ìjàyè, láàrin 1860 sí 1865, Ìbàdàn ń wá ọ̀nà tí ìbọn, ẹ̀tù àti iyọ̀ yóò gbà ti etí òkun dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ̀gbá dí ọ̀nà mọ́ wọn, Ìjẹ̀bú-Òde náà kò fẹ́ kí ará òkè àti ará Èkó máa bá ara wọn rajà láìgba ọwọ́ tiwọn. Ìlú Rẹ́mọ ló wà lójú ọ̀nà yẹn, ọjà sì ni oúnjẹ wọn. Wọ́n bá Ìbàdàn ṣe. Ẹ̀gbá wá fi ogun ká Ìkòròdú, ọ̀kan nínú ìlú Rẹ́mọ náà, mọ́, títí àwọn ọmọ ogun ìjọba òyìnbó ní Èkó, lábẹ́ Glover, fi lé wọn lọ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta 1865. Ṣùgbọ́n ogun ti fọ́ ìlú Rẹ́mọ bí i mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí ìlú mẹ́tàlá fi kó jọ sí ojú kan lọ́dún 1872: Òfin, Mákùn, Ìjàgbà, Bátòrò, Sonyindo, Ẹ̀pẹ́ àtàwọn yòókù. Ohun tí wọ́n dá sílẹ̀ ni Ṣágámù. Títí dòní, bí ẹ bá bi ọmọ Ṣágámù pé níbo ló ti wá, kò ní dá yín lóhùn "Ṣágámù" tán, Mákùn tàbí Òfin ni yóò fi tì í.

Lọ́dún 1892, òyìnbó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmagbọ̀n. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ 1894, Akárìgbò Oyèbàjò tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú Gómìnà Carter, ó sì fi Rẹ́mọ sábẹ́ ààbò ìjọba Èkó. Èmi a máa fi ìwé yìí dá àwọn alátakò lẹ́nu. Bí Akárìgbò bá jẹ́ baálẹ̀ Awùjalẹ̀, ta ló fún un láṣẹ àtifi ilẹ̀ ẹlòmíràn tọrọ ààbò?

Lọ́dún 1903 ni ti adé Ẹlẹ́pẹ̀ẹ́ tún ṣẹlẹ̀. Ẹlẹ́pẹ̀ẹ́, ọba Ẹ̀pẹ́ ní Ṣágámù, dé adé, Akárìgbò sì ké lọ sọ́dọ̀ gómìnà ní Èkó pé kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Gómìnà MacGregor ránṣẹ́ pe Ọọ̀ni Adélékàn Olúbùṣe, ẹni tí kì í jáde ní Ifẹ̀. Ọọ̀ni dé Èkó, àwọn ọba kan sì kúrò láàfin wọn fún ọ̀wọ̀ títí tó fi padà sílé. Ó dájọ́: Ẹlẹ́pẹ̀ẹ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí adé. Ẹ ṣàkíyèsí pé Akárìgbò ló pẹjọ́, Ọọ̀ni ló sì dá a, ẹnikẹ́ni kò dúró gba àṣẹ láti Ìjẹ̀bú-Òde. (Ilé Ẹlẹ́pẹ̀ẹ́ ní tiwọn láti sọ, mo mọ̀. Òmíràn ni.)

Inú ìtàn yìí ni Adédoyìn bọ́ sí. Nígbà tí Lugard so Àríwá àti Gúúsù pọ̀ ní 1914, ọ̀nà tó rọrùn fún òyìnbó láti ṣèjọba ni kó wá ọba ńlá kan, kó sì kó àwọn yòókù sábẹ́ rẹ̀. Awùjalẹ̀ ló mú, ó sì di pé ẹjọ́ àti owó orí Rẹ́mọ ń gba Ìjẹ̀bú-Òde kọjá. Lórí owó orí yìí gan-an ni ìbínú ti le, nítorí ẹni tó ń san án kò rí ohun tí wọ́n fi í ṣe nílé rẹ̀. Adédoyìn kò dá ìjà sílẹ̀ nígboro. Ìtàn tí mo ti ń sọ bọ̀ yìí, adé, ìwé 1894, ọ̀nà tí baba wá, ni ó ń kó lọ bá òyìnbó léraléra. Nígbà tí Awùjalẹ̀ Gbélégbùwà Kejì dé orí ìtẹ́ ní 1933, ó di ọba sí ọba. Lọ́dún 1937, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lábẹ́ Martindale, adájọ́ òyìnbó. Ó gbọ́ tọ̀tún tòsì, ó sì ní kí Rẹ́mọ máa dá ìṣàkóso rẹ̀ ṣe. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé e fún wa.

Àwọn kan ní ìlú Rẹ́mọ mìíràn ní Adédoyìn fẹ́ fi òmìnira gbogbo wa sọ ara rẹ̀ di Awùjalẹ̀ kékeré. Bóyá. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, ta ló rù ú dé òpin?

Ó wàjà ní 1952 lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlógójì. Ọmọ rẹ̀, Adélékè, ti di èèkàn olóṣèlú NCNC ní Èkó nígbà náà, èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí Action Group, ẹgbẹ́ tí Awólọ́wọ̀ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ dá sílẹ̀, ń bá NCNC, ẹgbẹ́ Azikiwe, fà á lójoojúmọ́. Ìyókù kò ṣòro: Awólọ́wọ̀ di olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976, àwa àti Ìjẹ̀bú-Òde tún bá ara wa nínú ilé kan. Lọ́dún 2014, ìpàdé àpérò orílẹ̀-èdè dábàá Ìpínlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Mo gbọ́ ọ, mo sì béèrè ohun tí Adédoyìn ìbá béèrè: kí ni wọ́n fẹ́ kí Rẹ́mọ máa jẹ́ nínú rẹ̀?

Ìkòròdú nìkan ni kò sí lọ́wọ́ wa mọ́ lórí ìwé, ó ti di ti Ìpínlẹ̀ Èkó. Ṣùgbọ́n Mágbó àti Èlúkú ṣì ń jáde níbẹ̀.